Ojú tó ń ta, àpá tí kò lọ: ohun tí wọ́n ń bi mí nílé oògùn

Ilé oògùn tí mo ti ń tajà ní Àjàṣẹ́ níbí kò jìnnà sọ́jà Wàńdò. Tẹ́lẹ̀, ibà àti inú rírun ni wọ́n máa ń bá wá. Ní báyìí, ìgò sérọ́ọ̀mù (ìpara olómi tí wọ́n ń fi sójú) ni wọ́n ń fà yọ nínú báàgì: “Tàǹtí, ẹ bá mi wo eléyìí.”

Ìbéèrè (ọmọbìnrin kan láti Kétu): Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń fi retinol lálaalẹ́. Láàárọ̀, mo tún ń fi acide glycolique nu ojú. Ojú mi ń bó, ó ń ta bí ẹni fi ata kùn ún, irorẹ́ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Ìkánjú ló kó bá ọ.

Ọmọ fítámínì A ni retinol. Tó bá wọnú awọ, ara á sọ ọ́ di acide rétinoïque, ìyẹn lá sì máa lé awọ kó tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Láìsí i, awọ tuntun máa ń gbà tó ọjọ́ 28 kó tó ti ìsàlẹ̀ gòkè. Bí iṣẹ́ ṣe yá lójijì yìí, ọ̀rá tó ti dí sínú ihò awọ lábẹ́lẹ̀ rọ́ jáde pọ̀. Òun ni irorẹ́ tó o rí. Acide glycolique ní tiẹ̀, ó ń tú ohun tó lẹ awọ tó ti kú mọ́ra. Ọ̀kan ń tì láti inú, èkejì ń họ láti òde. Kí lojú ọ̀hún fẹ́ ṣe tí kò ní ta?

Pa méjèèjì tì ná. Ọṣẹ tí kò le, ìpara tí kò lóòórùn, ó tán, títí omi lásán kò fi ní ta ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, retinol nìkan: alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ojú gbẹ dáadáa kó o tó fi í, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ fún gbogbo ojú. (Ẹ̀wà ni mo wí o. Oníbàárà kan ń fi tó ṣíbí kan, ó ní kó lè yá.) Ka oṣù mẹ́ta kó o tó dá a lẹ́jọ́. Bó bá ń yọ níbi tí irorẹ́ kò yọ sí rí, tó ń yún, tó ń wú, ara rẹ kọ̀ ọ́ nìyẹn, jáwọ́. Bó o bá lóyún tàbí ò ń wá a, má fi kàn án rárá.

Ìbéèrè (bàbá kan láti Ṣábẹ̀ẹ́): Fítámínì C tí mo rà fún ìyàwó mi mọ́ bí omi tẹ́lẹ̀. Ó ti pọ́n bíi tíì báyìí.

Ìdáhùn: Ẹ dà á nù, bàbá. Ẹ̀yin lẹ niṣu: èyí tẹ́ ẹ bẹ, tẹ́ ẹ gbàgbé sórí àwo, ṣebí dúdú ló ń dú? Atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ba fítámínì C náà jẹ́, kò sì lè dí awọ lọ́wọ́ mọ́ láti máa ṣe àwọ̀ dúdú jù. Ìgò kékeré tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ rà nígbà mìíràn, kẹ́ ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ má gbé e síbi fèrèsé.

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń lo niacinamide (irú fítámínì B kan). Àpá irorẹ́ ò kúrò.

Ìdáhùn: Mo bi oníbàárà yìí bóyá ó ń fi ìpara tó ń dènà oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín: “Èmi aláwọ̀ dúdú yìí?” Bẹ́ẹ̀, orí zẹ́mì (ọ̀kadà) ló ń wà lójoojúmọ́ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Niacinamide kì í dá àwọ̀ dúdú dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó kàn ń dí i lọ́nà kó má pọ̀ dé òkè awọ ni. Bí oòrùn bá ń bẹ awọ níṣẹ́ tuntun ní gbogbo ọ̀sán, ìgbà wo ni yóò tán? Ìpara oòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára ń dá nǹkan bí 97 dúró nínú 100 ìtànṣán UVB, èyí tó ń jó awọ nínú oòrùn. Fún awọ tiwa, ìmọ́lẹ̀ tí a ń fojú rí pàápàá ń mú àpá dúdú sí i, nítorí náà, èyí tó láwọ̀ ni kó rà, tí wọ́n kọ “oxydes de fer” (èròjà irin tó ń fún un láwọ̀) sí lára. Kó fà á sórí ìka méjì láti ìdí dé orí. Ìyẹn ló tó ojú àti ọrùn.

Ìbéèrè: Ìpara kan láti ọjà, kò sí orúkọ lára ike, mú mi pupa lọ́sẹ̀ kan. Oríkèé ìka mi wá dúdú, bí mo bá sì fi í sílẹ̀, ojú mi á sú.

Ìdáhùn: Ìpara tó ń sọ èèyàn di pupa lọ́sẹ̀ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí mo ti ń sọ bọ̀. Hydroquinone tó le (èròjà tó ń bó àwọ̀), clobetasol (oògùn awọ tó lágbára gan-an) tàbí mẹ́kúrì la sábà máa ń bá nínú irú wọn. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de hydroquinone nínú ìpara oge tó ń bó àwọ̀ láti 2001. Clobetasol ń mú awọ fẹ́lẹ́, bí a bá sì dá a dúró lójijì, ojú lè gbiná. Mi ò ní ta nǹkan kan fún ọ lé e lórí. Lọ rí dókítà awọ ara, kó o sì mú ike náà dání, bó tilẹ̀ tì ọ́ lójú.