Ẹ Wo Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Yín Kẹ́ ẹ Tó Pe Oní-díìṣì

Ó ti pé ọdún 17 tí mo ti ń gun òrùlé so díìṣì kiri Ìbàdàn, láti Mọ́lété dé Ìwó Road, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ ilé tó ra tẹlifíṣọ̀n HD, ìyẹn èyí tí àwòrán ẹ̀ máa ń mọ́ kedere, ni kò tíì wo HD rí. Owó ti jáde lápò, àwòrán àtijọ́ ló ń wọlé.

Lóṣù tó kọjá, màmá kan pè mí sí Òkè-Àdó. Ọmọ wọn ló ra tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 fún wọn. "Ọmọ mi, bá mi wò ó," ni wọ́n wí, "ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù yìí rí bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀." Mi ò tiẹ̀ wo òrùlé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n: wáyà olórí mẹ́ta ni, pupa, funfun àti yẹ́lò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, páálí tí díkódà bá wá dà?" Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán HD àti ohùn pọ̀, ṣì ń bẹ nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá, wọn ò tíì tú u. Ọmọ-ọmọ wọn ló so ti ẹ̀yìn yẹn. Ó ní ihò tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti bá a mu lòun ki í bọ̀.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orí yẹ́lò nìkan ló ń gbé àwòrán. Pupa àti funfun, ohùn ni wọ́n ń gbé. Orí yẹ́lò yẹn ò sì lè gbé HD, bó ti wù kí tẹlifíṣọ̀n yín wọ́n tó. Ìlà 576 ló mọ, bíi ti ayé tẹlifíṣọ̀n onídìí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ pa díkódà àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ ọ́, ẹ fi HDMI sí i. Tí tiyín bá ti sọnù, èyí tí kò gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ ni kẹ́ ẹ rà. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí wáyà olórí góòlù gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà ló ń gba inú HDMI kọjá. Tó bá ti gbé e débẹ̀, ó ti gbé e débẹ̀ náà nìyẹn. Èyí tó bá bàjẹ́ kì í fara pamọ́: ojú tẹlifíṣọ̀n á máa ta pàrà, tàbí kó dúdú kẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn wáyà ló kan nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe àwòrán. 720, 1080: iye ìlà tó to àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, àmì tíntìntín ló sì kún inú ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwòrán àtijọ́ tiwa jẹ́ 720 níbùú, 576 lóòró. Ti 720p jẹ́ 1280 níbùú, 720 lóòró. Ti 1080 jẹ́ 1920 níbùú, 1080 lóòró. Àmì inú ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Ẹ rántí àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn-dùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó Màpó sí. Tẹ́ ẹ bá fi ìka ya òpó yẹn, aráyé á mọ̀ pé òpó ni. Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹ́ adìẹ yà á, gbogbo fínfín ara ẹ̀ á yọ. Aṣọ kan náà ni, ohun tẹ́ ẹ fi yà á ló yàtọ̀.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ̀. Tó bá jẹ́ "p", gbogbo ìlà ló jọ ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ "i", ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún ló ń kọ́kọ́ yọ, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà á wá tẹ̀lé e, bíi kéèyàn máa fo àkàsọ̀ gùn, kó tún padà wá gun àwọn tó fò. Lórí ètò tiwa, ààbọ̀ àwòrán 50 ló ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Odindi 25 nìyẹn. Tó bá jẹ́ oníròyìn tó jókòó ni, kò séwu. Àmọ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá ń sáré, kí ààbọ̀ kejì tó dé, ó ti kúrò níbi tó wà. Tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ọ́n rán pọ̀ á wá jẹ́ kí etí aṣọ ẹ̀ rí bí eyín òòyà. 720p tó ń fi odindi 50 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní wàhálà yìí. Tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé 720 kéré, mi ò kì í bá a jiyàn. Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń tàn fún un.

Nínú díkódà, ẹ wọ Settings, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Resolution tàbí Video Output sí. Mo ti bá tuntun pàdé tó jẹ́ pé 576 ló wà látinú páálí. Ẹ wo ìwé tẹlifíṣọ̀n yín: tí wọ́n bá kọ 1366 x 768, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ínṣì 32 tí wọ́n lẹ "HD Ready" mọ́, ẹ fi díkódà sí 720p. Tó bá jẹ́ 1920 x 1080, ẹ dán 1080i wò, kẹ́ ẹ tún dán 720p wò. Ẹ má wo ojú oníròyìn. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ kà á láìfún ojú pọ̀, òun ni tiyín. Ti 4K, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tí àmì ojú ẹ̀ pọ̀ ju ti 1080 lọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Tí ìkànnì bá fi 1080i ránṣẹ́, 4K ò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un.

Àwọn ìkànnì kan sì wà tí kò sí wáyà tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á ti há àwòrán wọn mọ́ ojú ọ̀nà tóóró bí èrò ṣe ń há nínú Míkírà tó ń lọ Challenge. Koríko pápá ló máa ń kọ́kọ́ tú wọn fó: á ṣù pọ̀ gíríkí-gíríkí bí ọṣẹ tí wọ́n gé. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni torí ìyẹn.

Ó ku tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, Vivid ni wọ́n máa ń gbé e sí níbi Picture Mode kó lè tàn ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí Standard tàbí Movie. Ẹ dín Sharpness kù. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ kó mú, ìlà funfun tó ń fà yí orí èèyàn ká ni. Tí igun tí wọ́n kọ iye góòlù sí bá gé, Just Scan tàbí Screen Fit ló ń tún un ṣe. Ẹ má sì na eré àtijọ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, 4:3 ni ojú tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fa irú eré bẹ́ẹ̀ dé 16:9 ti tẹlifíṣọ̀n òde òní, gbogbo òṣèré á sanra lójijì. Dúdú ọ̀tún òun òsì yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Díìṣì ńkọ́? Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, bàbá kan ní Bódìjà ní àwòrán òun ń ṣe bàìbàì. Odindi ọ̀sán ni mo fi yí díìṣì lórí páànù tó gbóná bí agbada gàrí. Mo gba owó iṣẹ́, àwòrán sì wà bí mo ṣe bá a. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tó yé mi pé wáyà ni, ojú sì ń tì mí láti padà lọ. Tí òjò ńlá bá ṣú tàbí tí díìṣì bá yẹ̀, àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́, á dúró gbagidi, tàbí kó lọ pátápátá. Kò ní ṣe bàìbàì. Tó bá ti jẹ́ bàìbàì, ẹ jẹ́ kí díìṣì jókòó jẹ́ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, màmá Òkè-Àdó tún pè. "Ọmọ mi, ó ti kú o. Búlúù ni gbogbo ẹ̀."

"Màmá, ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe ti díkódà o. Ẹ tẹ Source, kẹ́ ẹ yan HDMI 1."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tí ariwo pápá bú jáde nínú fóònù.

"Yéè! Wọ́n ti gbá ọ̀kan wọlé kó tó dé!"