Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi píkọ́ọ̀pù dísù fa ẹrù, bẹ́ ẹ ṣe lè dín epo kù rèé

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi Hilux tàbí píkọ́ọ̀pù dísù mìíràn fa ẹrù káàkiri Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àtàwọn ìlú tó yí wa ká, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń háyà kúlìn fáànù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì orí táyà, jẹnẹrétọ̀ ńlá, àga àti kánópì fáwọn olóde. Owó tí olóde san lè pọ̀ lójú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ jókòó ṣírò ẹ̀, dísù ti gbé èrè lọ, ẹ ó wá máa sọ pé ọkọ̀ ń jẹpo. Kì í kúkú ṣe pé ọkọ̀ ń jẹpo lásán, nǹkan méjì ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀ tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn: atẹ́gùn àti òkè. Ẹni tí ò bá mọ èwo nínú méjèèjì ló ń jẹ epo tiẹ̀, nọ́súùlù (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) tí ò ṣe nǹkan kan lá máa pààrọ̀ kiri.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí ẹrù bá ṣe wúwo tó náà lepo ṣe máa lọ tó. Òótọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú píkọ́ọ̀pù méjì tó jọra, ọ̀kan kó àpò kòkó mẹ́wàá, ìyẹn ti lé ní 600 kìlò, wọ́n sì tò ó pẹlẹbẹ débi tí ò fi ga ju bọ́dì lọ. Èkejì ń fa tọ́ílẹ́ẹ̀tì orí táyà tí inú ẹ̀ ṣófo, kò wúwo tó kòkó, àmọ́ ó ga ju orí ọkọ̀ lọ, iwájú ẹ̀ sì rí pẹrẹsẹ bí ara ògiri. Tí wọ́n bá jọ gba títì tó tẹ́jú, tí àwọn méjèèjì ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹlẹ́tọ́ílẹ́ẹ̀tì lè jẹpo ju oníkòkó lọ dáadáa. Atẹ́gùn ló fà á. Tẹ́ ẹ bá sọ eré yín di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá ọkọ̀ padà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Láti 80 bọ́ sí 100 péré, ó ti di ìlọ́po kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Tí ẹrù yín bá wá ga, tó tún fẹ̀, ẹ lè fojú inú wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ń bá jà lójú ọ̀nà yẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń fa ilé orí táyà lọ sí ibi ìgbafẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní camper, ohun kan náà ló ń bá wọn fínra. Ọkọ̀ tiwọn tóbi ju tiwa lọ fíìfíì, ẹ wo Ford F-250, ẹ wo Ram 2500 tó ń lo ẹ́ńjìnnì Cummins oní 6.7 lítà, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti so ilé yẹn mọ́dìí, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń rí ò ju máìlì 10 sí 12 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Gálọ́ọ̀nù tiwọn ò ju lítà 3.8 lọ, torí náà nǹkan bíi lítà 20 sí 24 ni wọ́n ń jó tí wọ́n bá rin 100 kìlómítà. Ẹ má wá ro pé ọkọ̀ yín nìkan ni ayé ń bá jà.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ọkọ̀ yín ń jẹ gan-an, gééjì ò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ lọ sílé epo, ẹ rọ ọ́ kún títí pọ́ńpù á fi já fúnra ẹ̀, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rọ epo, ẹ padà sílé epo kan náà, pọ́ńpù kan náà tó bá ṣeé ṣe, torí gbogbo wa la mọ̀ pé mítà àwọn ilé epo kan máa ń sáré ju tàwọn mìíràn lọ. Ká ní ẹ ti rin 480 kìlómítà, tọ́ńkì sì gba 60 lítà kó tó kún padà, lítà kan ti gbé yín rin kìlómítà 8 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹ kọ irú ẹrù tẹ́ ẹ fà àti ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ò lè jẹ epo bákan náà láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra dísù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ṣọ́ra o, kẹ́ẹ̀gì tá à ń pè ní 25 lítà yẹn máa ń gbà ju 25 lọ tó bá kún dé ọrùn, ìṣirò yín ò ní tọ̀nà tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn wọn epo.

Tó bá wá jẹ́ ẹrù gíga lẹ̀ ń fà, ẹ má kọjá 80, mi ò ní oògùn míì tó jùyẹn lọ. Láti Iléṣà dé Ifẹ̀ ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ẹni tó sáré 80 á lò tó ìṣẹ́jú 22 tàbí 23, ẹni tó sáré 100 á lo 18, gbogbo wàhálà yẹn ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún lọ, títì yẹn fúnra ẹ̀ ò sì ní gbà kẹ́ ẹ sáré 100 dé Òṣú láìjẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì lójú kòtò. Bíréèkì yẹn náà owó ni. Gbogbo epo tẹ́ ẹ jó kí ọkọ̀ tó dé orí eré yẹn, ẹ ti sọ ọ́ di ooru lára bíréèkì, ẹ ó sì tún jó òmíràn láti gbéra padà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kójú yín máa lọ jìnnà, tẹ́ ẹ bá ti rí kòtò tàbí àwọn tó dá ọ̀nà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná kíákíá, kí ọkọ̀ máa fúnra ẹ̀ rọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó àga àti kánópì, ẹ tò ó kó wálẹ̀, kẹ́ ẹ fi tapólì bò ó kẹ́ ẹ sì dè é gan-an. Tapólì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn máa ń gba atẹ́gùn sínú ni, ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó tún máa ya kó tó pẹ́. Irin ìkẹ́rù tó wà lórí ọkọ̀, tẹ́ ò bá lò ó, ẹ tú u kalẹ̀.

Ó wá ku òkè, ibi tí ìwọ̀n ẹrù ti ń gba tiẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti gba Iwárajà kọjá lọ sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ohun tí mò ń sọ. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé awakọ̀ á wà lórí jíà karùn-ún, òkè á ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á máa kerora, èéfín dúdú á máa yọ lẹ́yìn, òun á wá tẹ iná mọ́ ọn pátápátá, ó rò pé jíà ńlá ló ń dín epo kù. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lórí òkè. Èéfín dúdú yẹn, epo tí ò jóná tán ni, owó yín ló ń jáde ní sàlẹ́ńsà yẹn. Ẹ bọ́ sí jíà kẹrin tàbí ẹ̀kẹta kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí níbi tí agbára ẹ̀ wà. Hilux 2.8, láàárín 1,600 sí 2,400 lójú gééjì RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ni agbára ìfà ẹ̀ ti pé jù, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa lé e dé 3,500. Tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì tó ń pààrọ̀ jíà lọ pààrọ̀ ẹ̀ bọ̀ lórí òkè, ẹ fọwọ́ mú jíà kan kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbà pé eré máa dín kù, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sí 50 tàbí 40, ẹ máa gbà á padà tẹ́ ẹ bá dé orí òkè.

Bí òkè bá wá yí sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Àwọn awakọ̀ wa máa ń gbé jíà sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, àbúrò kan tiẹ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sí fíríì jàre, ẹ jẹ́ ká gba epo là." Kò gba nǹkan kan là o! Ní àwọn ẹ́ńjìnnì dísù ìgbàlódé, ìyẹn àwọn tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́súùlù wọn, tẹ́ ẹ bá wà nínú jíà tẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kọ̀ǹpútà máa dá epo dúró pátápátá, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, epo tó ń wọlé ò sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sí fíríì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jó epo kó má bàa kú. Ẹni tó wà nínú jíà ló ń gba epo là, ẹni tó wà ní fíríì ló ń náwó. Ká tiẹ̀ fi epo sílẹ̀, kúlìn fáànù tó kún fún yìnyín àti ọtí mínírà ń ti yín lẹ́yìn, bíréèkì nìkan lẹ gbójú lé, tí bíréèkì bá gbóná kọjá àlà kò ní mú mọ́. Mo bẹ̀ yín, jíà tẹ́ ẹ fi gun òkè ni kẹ́ ẹ fi sọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ táyà ò gùn. Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, iye atẹ́gùn tó yẹ kẹ́ ẹ fún táyà wà níbẹ̀, ti ìgbà tí ọkọ̀ ṣófo àti ti ìgbà tó gbẹ́rù. Ẹ fi foonu ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ fi han fọkanáísà, kó fi gééjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, kó má fẹsẹ̀ gbá a kó wá ní ó ti tó. Táyà tó rọ̀ máa ń fẹ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ ọ ni. Ẹ má gbàgbé táyà ohun tẹ́ ẹ̀ ń fà náà, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò títí á fi bẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rìn fún bí ìlàjì wákàtí, ẹ dúró níbi tó láàbò, kẹ́ ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ àárín ẹsẹ̀ táyà nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń fà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ bá ti mọ ooru lára ọwọ́. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sí wàhálà. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná débi tí ẹ ò lè gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn, bẹ́ríǹ ti fún jù tàbí bíréèkì ń di ibẹ̀ mú, gbogbo ọ̀nà lọkọ̀ yín ti ń wọ́ ọ bọ̀. Gírísì tuntun àti títún nọ́ọ̀tì ẹ̀ dè lè yanjú ẹ̀, owó kékeré ni.

Bẹ́ ẹ ṣe to ẹrù sínú ẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èyí tó wúwo, ẹ gbé e sílẹ̀ pátápátá, kó wà lórí táyà, kó fi díẹ̀ sún síwájú, kí nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ tẹ orí irin tẹ́ ẹ fi so ó mọ́ ọkọ̀. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, orí ọkọ̀ á gbé sókè, síárìn á fúyẹ́. Tó bá kéré jù, ẹrù yẹn á máa jùdí síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́yìn yín, ìyẹn sì burú ju epo lọ.

Ó ku dísù fúnra ẹ̀. Omi wà nínú dísù ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń rà á kiri nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ wo ìdí fílítà dísù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nǹkan roboto kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tú díẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ fi ìgò oníke tó mọ́ gbe é, ẹ tú u, kẹ́ ẹ gbé ìgò náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ ó rí i tí omi máa lọ jókòó sísàlẹ̀ bí ilà funfun, dísù aláwọ̀ ìyeyè á wà lókè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí omi, ẹ tún tú u títí dísù nìkan á fi máa jáde, kẹ́ ẹ sì yí ilé epo padà. Fílítà atẹ́gùn náà, lásìkò ọyẹ́ àti lójú ọ̀nà oko, eruku pupa máa ń dí i kíákíá, dísù tí ò rí atẹ́gùn mí dáadáa á tú èéfín dúdú.

Tẹ́ ẹ bá gun òkè tán tẹ́ ẹ sì fẹ́ dúró, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó jó pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí tọ́bò (ohun tó ń ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì) tutù. Epo tíyẹn máa jẹ ò tó nǹkan, tọ́bò tuntun ló wọ́n. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa á o, ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa jó níta ilé olóde torí ẹ́síì.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ìwé ìṣirò yín ò yí padà, tí èéfín dúdú ṣì ń jáde lórí títì tó tẹ́jú, ìgbà yẹn ló tó nọ́súùlù. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kàn sọ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lọ. Ẹ ní kó so rọ́bà kékeré mọ́ ẹnu ibi tí epo ti ń padà lára nọ́súùlù kọ̀ọ̀kan, kó ki orí rọ́bà kọ̀ọ̀kan bọ ìgò oníke tiẹ̀, ìgò mẹ́rin tó bára mu, kó wá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí ìgò tiẹ̀ bá kún ju tàwọn yòókù lọ fíìfíì ló ń da epo nù, òun nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀. Kẹ́ ẹ sì dúró tì í nígbà tó bá ń ṣe é, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kẹ́ ẹ tó sanwó.