Bí Mo Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Òwò Insọ́ránsì Ọkọ̀ Tó Ń Kọjá Ẹnubodè

Inú ló bí mi tí mo fi wọ òwò yìí. Àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí, gbé ọkọ̀ lọ ra ọjà ní Kútọnu, awakọ̀ wọn sì kọlu ọlọ́kadà kan. Ìwé insọ́ránsì wà lọ́wọ́ wọn o, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ parí sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Owó ọjà ni wọ́n fi tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀, láti 1982 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn Brown Card, ní Kútọnu yẹn gan-an! Ẹni tó ta insọ́ránsì fún wọn kò lanu sọ ọ́ rí. Káàdì yìí ló ń jẹ́ kí insọ́ránsì tẹ́ ẹ rà nílé ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti àwọn yòókù. Ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe lọ́hùn-ún ló wà fún, kò kan ọkọ̀ tiyín.

Mo gba ìwé àṣẹ aṣojú, mo gba ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ò le.

Káàdì Alájì kan tó ń kó ọjà láti Lomé ló fẹ́ rán mi lọ́run. Nígbà tí ìwé náà dé, mo mú un lọ sídìí ọkọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi tí nọ́ńbà ṣásí wà, mo ń kà á níkọ̀ọ̀kan. Òdo ló wà lára ọkọ̀, lẹ́tà O ni wọ́n tẹ̀ sínú káàdì. Aṣọ́bodè tó bá ń wá owó, ibi tó máa gbá mú nìyẹn.

Mo pe ilé-iṣẹ́ insọ́ránsì tó tẹ káàdì náà. Wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo tún pè, wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó o kò sí lórí ìjókòó. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Alájì lọ ṣe àfidáfíìtì, ìwé ìbúra, ní kóòtù. Lórí ohun tí ọwọ́ tiwọn tẹ̀! Mo ní nọ́ńbà ṣásí oní-17 kì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q, torí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà sí 1 tàbí òdo ni. Wọ́n dákẹ́. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Alájì ń pè: "Ọmọ mi, ṣé ó ti jáde?" Ojú ń tì mí láti dá wọn lóhùn, àwọn tó jẹ̀bi sì jókòó sábẹ́ fáànù. Ìgbà tí mo gba ọ́fíìsì wọn lọ, tí mo gbé fọ́tò nọ́ńbà náà síwájú ọ̀gá wọn, ni wọ́n tún un tẹ̀, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Alájì lọ, wọ́n bọ̀ láìsí wàhálà, wọ́n sì kó àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ wọn wá bá mi. Títí dé Ìkìrun àti Ẹdẹ ni wọ́n ti ń wá báyìí, mo sì ń fi yangàn.

Tí mo bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, fọ́tò nọ́ńbà ṣásí ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ọjọ́ tí káàdì máa kú kò kọjá ọjọ́ tí insọ́ránsì ọkọ̀ tẹ́ ẹ rà nílé máa kú. Láti 2023, insọ́ránsì third party (èyí tó wà fún ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe) fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni ti di ₦15,000. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é ní ẹ̀dínwó ńlá, ayédèrú ló fẹ́ tà. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù láti fi yẹ insọ́ránsì yín wò kẹ́ ẹ tó jáde ní Òṣogbo. Bí ọkọ̀ yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ padà lọ gba owó yín.