Meme Tamil àti Malayalam: módẹ́ẹ̀lì mi ò rí nǹkan kan tó burú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí. Mo ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì kan tó máa dá meme tó ń tàbùkù obìnrin mọ̀, Tamil àti Malayalam, accuracy ẹ̀ (iye tó gbà nínú ọgọ́rùn-ún) dé 74%, mo ti ń yọ̀, àfìgbà tí mo rí i pé gbogbo meme ló ń pè ní "kò burú", títí kan èyí tó ń bú ìyá oníyàá. Ṣé kí n lọ gbé módẹ́ẹ̀lì tó tóbi jùyẹn ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi módẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ná, lọ ka dátà ẹ. Mo lè bá ẹ ta tẹ́tẹ́ pé nínú meme 100 tó o fi dán an wò, 74 ni kò burú, àbí mo purọ́? Ẹni tó ń sùn tó ń hanrun lè gba 74% yẹn, kó ṣáà ti máa dáhùn "kò burú, kò burú". Macro-F1 ni kó o máa wò, ìyẹn máàkì tó ń fún apá kọ̀ọ̀kan ní F1 tiẹ̀, láti òdo dé 1, kó tó pín in dọ́gba. Apá tí kò burú máa gba 0.85, apá tó burú máa gba òdo, tó o bá dà wọ́n pọ̀ tó o pín in sí méjì, 0.43 ló kù sí ẹ lọ́wọ́, máàkì ẹ gangan nìyẹn. Jẹ́ kí àṣìṣe lórí meme tó burú dùn ún ju ti èkejì lọ nígbà tó o bá ń kọ́ ọ. Má sì jẹ́ kó tì ẹ́ lójú o, iṣẹ́ yìí le: nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje dídá meme Tamil tó ń fini ṣẹlẹ́yà mọ̀ ní DravidianLangTech, ìpàdé àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí èdè bíi Tamil, ní 2021, meme 2,300 ni wọ́n fún àwọn èèyàn láti fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì wọn, ẹni tó ṣe ipò kìíní gan-an, F1 0.55 ló gbà.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ tí Tesseract, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ ara fóòtò, kà jáde látinú fóòtò ńkọ́, kìkì wúruwùru ni, "eu@ LDIT" báyìí.

Ìdáhùn: O ò sọ èdè fún un nìyẹn. Tó ò bá sọ nǹkan kan, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kà. Fi tam+eng sí i fún Tamil, mal+eng fún Malayalam, kó o sì rí i pé o ti fi fáìlì èdè méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà ẹ. Kó o tó ṣe é, fẹ fóòtò yẹn kó tóbi.

Ìbéèrè: Mo ṣe é, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Malayalam, ọ̀rọ̀ kan náà lójú mi, kọ̀ǹpútà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, orí mi ti fẹ́ dà rú.

Ìdáhùn: Ah, chillu nìyẹn, lẹ́tà Malayalam tí kò ní fáwẹ́lì lẹ́yìn! Ó jẹ èmi náà níyà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wo അവൾ, "òun" ni, tó bá jẹ́ obìnrin, o sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó máa pọ̀ jù nínú irú dátà tìẹ nìyẹn. Lẹ́tà ìparí ẹ̀, ൾ, kò dá ní nọ́ńbà tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Unicode, ìwé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, lẹ́tà ള ni wọ́n máa ń tẹ̀, wọ́n á fi àmì ് tẹ̀ lé e, wọ́n á wá fi ohun tójú ò rí kan tì í lẹ́yìn, ZWJ, U+200D. Ìgbà tó di 2008, Unicode 5.1 wá fún un ní nọ́ńbà, U+0D7E. Nítorí náà àtijọ́ àti tuntun jọ wà nínú dátà ẹ, NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣi ìkọsílẹ̀ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan, ò sì ní bá ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan, ó ṣì mọ́ ẹ lára láti rò pé NFC ń wo gbogbo àrùn torí pé ó máa ń tún ẹ́ tiwa ṣe, àti ொ ti Tamil náà. Fọwọ́ ara ẹ pààrọ̀ wọn. Àwọn kóòdù tí wọ́n fi ń nu ọ̀rọ̀ mọ́ sì máa ń pa U+200D rẹ́, àfi kó o ti pààrọ̀ chillu tán kó o tó jẹ́ kí irú ẹ̀ fọwọ́ kàn án, torí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Èyí tí wọ́n fi ABD, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kọ ńkọ́? Mo kó Tamil àti Malayalam pọ̀ sójú kan kí dátà lè pọ̀.

Ìdáhùn: Háà, tú wọn ká kíákíá. Tí ọmọ Tamil bá tẹ̀ "venam", "mi ò fẹ́" ló ń sọ. Tí ará Kerala, ìpínlẹ̀ àwọn tó ń sọ Malayalam, bá tẹ "venam" kan náà, ó fẹ́ nìyẹn, ó ń bèèrè ẹ̀ ni! Fi àmì èdè sí gbogbo meme, lẹ́yìn náà kó o wá gbìyànjú MuRIL, módẹ́ẹ̀lì èdè ti Google, torí wọ́n fi èdè Íńdíà 16 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, ó sì ti rí èyí tí wọ́n fi ABD kọ.

Ìbéèrè: F1 ti gòkè o! Ṣùgbọ́n ibi tí Vadivelu bá ti yọjú nínú fóòtò, "ó burú" ni módẹ́ẹ̀lì ń pè é.

Ìdáhùn: Aláwàdà ni bàbá yẹn, ojú ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe meme ní Tamil Nadu, wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ owó oṣù, wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìdánwò, wọ́n tún fi ń bú obìnrin. Ojú èèyàn ni módẹ́ẹ̀lì ẹ há sórí, kò kàwé kankan. Fi dúdú bo fóòtò, kó o jẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ nìkan, wò ó bóyá máàkì ẹ̀ á yí padà. Lẹ́yìn náà, fi pHash, ọ̀nà tó ń fún fóòtò tó jọra ní nọ́ńbà tó jọra, wá àwọn tí fóòtò wọn jọra, kó wọn sápá kan náà, kí ọ̀kan má wà níbi ẹ̀kọ́ kí ìkejì wà níbi ìdánwò. Máàkì ẹ máa wálẹ̀, jẹ́ kó wálẹ̀. Kó o tún ṣe bíi ti Facebook nínú Hateful Memes, ìdíje dídá meme ìkórìíra mọ̀, ní 2020, mú meme tó burú, fi fóòtò ẹ̀ sílẹ̀, pààrọ̀ ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ sí nǹkan gidi.

Ìbéèrè: Google Translate ni mo fi pín èyí tó burú àti èyí tí kò burú o, ẹ má bínú.

Ìdáhùn: Mo ti fura. Tamil ní "di", obìnrin ni wọ́n ń fi pè, láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tí kò mọ̀ ẹ́ rí pè ẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá pe màmá ẹ ní "ìwọ" ni. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ibi tó máa gbé e sí. Wá obìnrin méjì tó gbọ́ Tamil látilé, méjì tó gbọ́ Malayalam, sanwó fún wọn, jẹ́ kí wọ́n pín in lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí wọn ò bá ti fẹnu kò ni kó o kọ́kọ́ fi hàn mí.