Káàdì inú àpò sójà: àṣìṣe tí àwọn ọ̀gá máa ń ṣe lórí àṣẹ ìyìnbọn

Ta ló ń sọ fún sójà pé kó yìnbọn? "Ọ̀gá rẹ̀ ni" lèsì tí wàá gbọ́. Ọ̀gá wo? Láti ọ̀dọ̀ olórí orílẹ̀-èdè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun ẹnu géètì, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni àṣẹ náà ń gbà kọjá, bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń pàwọ̀ dà. Lókè, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Láàárín, ó di ìwé gbọọrọ tí lọ́yà ológun ń yẹ̀ wò. Nísàlẹ̀, káàdì pélébé inú àpò ni.

Àṣìṣe tó ń pànìyàn jù ni kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan máa bu ìkìlọ̀ tirẹ̀ kún un, láìwo iye tí àwọn ará òkè ti bù sí i. Ẹ wo Beirut, olú ìlú Lebanon, ní 1983. Káàdì funfun tó wà lọ́wọ́ àwọn Marine Amẹ́ríkà ní pápákọ̀ òfuurufú sọ pé kí ilé ọta wà lára ìbọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n má fa ọta sẹ́nu ìbọn, àyàfi tí ọ̀gá bá pàṣẹ, tàbí tí ẹ̀mí wọn bá wà nínú ewu ojú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wọn níbẹ̀ tún wá ní kí àwọn tó ń ṣọ́ inú ọgbà yọ ilé ọta pàápàá kúrò, kí ìbọn má baà ṣèèṣì ro lu aráàlú. Èrò rere ni, mi ò lè bá a jà. Àmọ́ ní aago 6:22 òwúrọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé bọ́ǹbù já wọlé. Kí ẹ̀ṣọ́ tó ki ìbọn tán, ọkọ̀ ti kọjá lára rẹ̀. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 241 ló kú.

Èyí tó ń dùn mí níbẹ̀ ni ti káàdì kejì. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ ti ba iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà jẹ́ nílùú yẹn. Wọ́n tẹ káàdì búlúù tó gba ẹ̀ṣọ́ láyè láti yìnbọn sí ọkọ̀ tó bá fẹ́ já wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ iléeṣẹ́ náà nìkan ni wọ́n fún. Ti funfun ni ará pápákọ̀ ń lò lọ. Ẹ má ṣe fi àṣẹ méjì dojú kọ ewu kan ṣoṣo. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ẹ̀ṣọ́: ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Admiral Robert Long darí gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, láti Beirut lọ sókè.

Má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ sí àṣẹ. Ní 1993, Roméo Dallaire, ọ̀gágun ará Kánádà tó darí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ní Rwanda, kọ ìlànà tirẹ̀ fún ibẹ̀, ìpínrọ̀ 17 rẹ̀ sì jẹ́ kí ọmọ ogun fi agbára dá ìpakúpa dúró. Oríléeṣẹ́ UN ní New York kò fọwọ́ sí i, kò sì fèsì gidi. Nígbà tí ìpakúpa dé ní 1994, ohun tó ń tòkè bọ̀ ni pé kí wọ́n má yìnbọn àfi tí wọ́n bá yìn sí wọn.

Má sì da èdè lọ́yà sórí káàdì. Ìlànà tí Gowon fún àwọn sójà rẹ̀ ní 1967 ṣe dáadáa níbí yìí: ẹ má pa ọmọdé, ẹ má pa aboyún. Bóyá wọ́n tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ka káàdì tìrẹ sí kọ́púrà létí láàárín òru. Bó bá bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta, lọ tún un kọ.