Bí Oríkèé Èjìká Àtọwọ́dá Bá Kó Kòkòrò: Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀ẹ̀kan Ni Àbí Ẹ̀ẹ̀mejì?

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ oríkèé èjìká fún ẹnì kan nínú ilé yín, tí apá náà wá ń le gan-an, tàbí tí ìrora tó ti lọ tún padà dé, ẹ má ṣe dúró de ibà tàbí ọyún kí ẹ tó wá dókítà lọ. Kòkòrò lè wà nínú èjìká láìsí ibà. Ojú egbò lè ti jinná dáadáa, kódà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn.

Èyí tó sábà máa ń fà á ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Cutibacterium acnes. Inú awọ wa ló ń gbé, nínú ihò tí irun ti ń hù. Ó pọ̀ ní èjìká àti abíyá, pàápàá lára ọkùnrin, ọṣẹ kì í sì í fọ̀ ọ́ tán. Bó bá dé ara irin oríkèé àtọwọ́dá náà, á dì mọ́ ọn bí ohun yíyọ̀ tó ń dì mọ́ inú àmù. Oògùn nìkan kì í sábà ká a mọ́ níbẹ̀.

Ẹ má sáré lo oògùn

Kòkòrò yìí kì í tètè hù. Dókítà á gé ẹran ara wẹ́wẹ́ láti ojú ibi márùn-ún ó kéré tán, ilé àyẹ̀wò á sì máa ṣọ́ ọ fún nǹkan bí ọjọ́ 14. Bí aláìsàn bá ti ra Ampiclox lò ní kẹ́mísìtì, àyẹ̀wò lè má rí kòkòrò náà mọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ la fi ń mọ irú iṣẹ́ abẹ tó yẹ. Àmọ́ bí ibà líle àti gbígbọ̀n bá dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o.

Ọ̀nà tó wà

Bí kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, tí irin sì dúró gbọn-in, wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ kìkì ibi tó ṣeé tú. Bó bá ti pẹ́, kòkòrò sábà máa ń padà.

Ti ẹ̀ẹ̀kan: wọ́n á yọ gbogbo irin, wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á sì fi tuntun sí i lọ́jọ́ kan náà. Ó dára fún ẹni tí wọ́n ti mọ kòkòrò rẹ̀, tí oògùn ń pa á, tí egungun rẹ̀ sì ṣì le.

Ti ẹ̀ẹ̀mejì: wọ́n á yọ irin, wọ́n á fi símẹ́ńtì egungun (kì í ṣe ti ilé kíkọ́) tí wọ́n po oògùn apakòkòrò bíi gentamicin mọ́ dí àyè rẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí wọ́n tó fi oríkèé tuntun sí i. Àwọn kan kì í padà wá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́, bóyá torí pé ara wọn ò gbà á, tàbí pé símẹ́ńtì náà tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti ń ka ti ẹ̀ẹ̀mejì sí èyí tó fọkàn balẹ̀ jù. Àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi wé ara wọn ní èjìká, ti ẹ̀ẹ̀kan ò ṣe sẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹni tí àrùn rẹ̀ ò le púpọ̀ ni wọ́n sábà ń yàn fún un, torí náà ìfiwéra ọ̀hún kò dọ́gba. Ní ti ìbàdí, wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín àwọn tí oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá wọn kó kòkòrò sí ti ẹ̀ẹ̀kan àti ti ẹ̀ẹ̀mejì, ní Bìrìtéènì àti Sweden, nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022: lóṣù 18, ìrora àti ìrìn àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ara àwọn ẹlẹ́ẹ̀kan tètè yá. Èjìká kì í ṣe ìbàdí, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ẹ lè bi dókítà.

Ẹni tó bá ń roko, kó mọ̀ pé láàárín iṣẹ́ abẹ méjèèjì, apá yẹn ò ní lè gbé ọkọ́ tàbí ẹrù. Kí ilé ti mọ ẹni tí yóò dúró fún un lóko, kí wọ́n sì ka owó iṣẹ́ abẹ méjì. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ dání, èyí tí wọ́n kọ irú irin náà sí, kí oníṣẹ́ abẹ lè wá irinṣẹ́ tó máa tú u sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.