Ẹ má ṣi èsì ẹ̀jẹ̀ kà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti tàn káàkiri ara

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ. Ohun tó ń dùn mí jù ni owó tí àwọn ẹbí ta ilẹ̀, ta ọkọ̀ kó jọ, tí wọ́n wá ń ná sórí ohun tí kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó mìíràn.

Èkíní, ẹ má tíì yọ̀ nítorí pé sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀. Ọmọkùnrin kan mú èsì ìyá rẹ̀ wá bá mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Mà, ẹ wò ó, sójà ara màmá ti pọ̀ sí i!" Lóòótọ́, 24 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín 4 sí 11 ló yẹ kó wà. Mo fi ìka tọ́ ìlà ìsàlẹ̀ fún un: neutrophil 91 nínú ọgọ́rùn-ún, lymphocyte 4 péré. Irú sẹ́ẹ̀lì funfun ni méjèèjì. Neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí kòkòrò àrùn bá ti wọlé. Inú lymphocyte ni àwọn tó ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ̀ tí wọ́n sì ń pa á wà. Bí jẹjẹrẹ bá ti tàn, ó lè máa tú èròjà tó ń mú kí mùdùnmúdùn eegun máa rọ́ neutrophil jáde, títí kan àwọn tí kò tíì gbó, àwọn mìíràn nínú wọn á sì máa dí lymphocyte lọ́wọ́. Mo rí àwọn tí kò tíì gbó yìí nínú ẹ̀jẹ̀ màmá náà lábẹ́ máíkírósíkópù; inú eegun ló yẹ kí wọ́n ṣì wà. "Àbúrò mi," mo ní, "ẹ gbé e lọ bá dókítà lónìí." Kòkòrò àrùn lè gbé iye náà ga. Dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù kan, náà ń gbé neutrophil ga, ó sì ń fa lymphocyte wálẹ̀, nítorí náà ẹ sọ gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò.

Èkejì, ẹ má ṣe àyẹ̀wò kan náà ní láàbù mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan.

Fífa ẹ̀jẹ̀ sára kì í gbé sẹ́ẹ̀lì funfun ga. PCV, ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, ló wà fún.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "immune booster", àgbo àti oògùn tí wọ́n ní ó ń fún sójà ara lágbára. Wọ́n ń tà á lórí WhatsApp, nínú ọkọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pàápàá. T cell, ọ̀kan nínú àwọn lymphocyte, máa ń rẹ̀ bó bá ti ń bá jẹjẹrẹ jà tipẹ́tipẹ́. Ó máa ń gbé PD-1, èròjà tó dà bí bíréèkì, síta sára rẹ̀, jẹjẹrẹ á sì fi PD-L1, èròjà ara tirẹ̀, tẹ bíréèkì náà. Ó dà bí ọkọ̀ tí wọ́n tẹ bíréèkì rẹ̀ mọ́lẹ̀: epo tí ẹ bá rọ sí i kò ní mú un rìn. Iṣẹ́ lórí irú bíréèkì báyìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Allison àti Tasuku Honjo fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018. Oògùn tó ń tú bíréèkì PD-1 sílẹ̀, bíi pembrolizumab, wọ́n gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló ń gbọ́ ọ; dókítà ló ń pinnu ẹni tó yẹ. Kò sí nínú ike àgbo kankan. Àgbo mìíràn tiẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bí ẹ̀dọ̀ bá sì ti bàjẹ́, wọ́n lè dá kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, dúró. Ẹ fi owó yẹn ra ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà, kí ẹ fi èyí tó kù wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Ibà lẹ́yìn kẹ́mò ńkọ́? Ẹ má pè é ní ibà ẹ̀fọn kí ẹ sì fún aláìsàn ní parasitamọ́ọ̀lù nílé. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kẹ́mò ni neutrophil sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bí tẹmómítà bá ti fi 38 hàn, ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ó yẹ kí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò láàárín wákàtí kan.

Ẹ má sì fúnra yín ra abẹ́rẹ́ filgrastim, tó ń mú kí neutrophil pọ̀ sí i, nítorí pé ẹ rí 1.3 níwájú iye neutrophil, tí wọ́n kà sí kékeré. Ọ̀pọ̀ àwa ènìyàn dúdú ni tiwa kéré láti ìbí wá, láìsí àìsàn kankan. Ẹ wá ìwé àyẹ̀wò tí aláìsàn ti ṣe kí jẹjẹrẹ tó dé, kódà èyí tó ṣe nígbà oyún, kí ẹ mú un lọ fún dókítà kó fi wé ti ìsinsìnyí.